Ṣé kí n mú ọmọ mi kúrò ní síkúù ìjọba ìlú wa?

Ìyá Àánú
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlú kékeré kan lápá Ìwó là ń gbé, ọmọ mi wà ní pírámárì 3 ní síkúù ìjọba. Nígbà tí èmi náà lọ síbẹ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní A àti B, ká tó ríbi jókòó ogun ni, àmọ́ ní báyìí wọ́n ti kó pírámárì 3 àti 4 sínú yàrá kan, tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ wọn, kó tó kọ́ àwọn ti 3 tán kó yíjú sáwọn ti 4 agogo ti lù. Ọmọ mi ò lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Àwọn ará àdúgbò ti kó tiwọn lọ sí práífẹ́ẹ̀tì, èrè tí mò ń rí nídìí gàrí ò sì pọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì
Ẹ mú un kúrò jàre. Ní práífẹ́ẹ̀tì tọ́mọ tiwa ń lọ, tíṣà ń wá lójoojúmọ́, tọ́mọ ò bá wá wọ́n á pè mí. Ìyẹn tó mi.

Tíṣà Àgbà
Ẹ rọra o. Tíṣà pírámárì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní práífẹ́ẹ̀tì ìlú kékeré ò ní NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ìwé mẹ́wàá ni wọ́n kà. Ohun tó ń pa síkúù ìjọba ni pé tí tíṣà bá fẹ̀yìntì wọn kì í tètè fi ẹlòmíì rọ́pò, òbí á wá kó ọmọ lọ, tọ́mọ bá sì ti dín kù ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ á ní àwọn tó kù ò tó gbé tíṣà lọ bá, torí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba sọ pé kí tíṣà kan wà fún ọmọ 35. Ní ti ìwé kíkà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ka Yorùbá já. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn ẹ̀ dán wò ní Ifẹ̀ láti 1970 nìyẹn, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti pírámárì 1 dé 6, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì bàjẹ́.

Ọmọ Òṣogbo
Òótọ́ lẹ sọ sà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú: òfin UBE 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ máa fún ìpínlẹ̀ lówó, kí ìpínlẹ̀ ṣáà ti gbé tiẹ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ kíláàsì, ìwé àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ tíṣà lowó yẹn wà fún, kì í ṣe owó oṣù. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí kíláàsì tuntun tí wọ́n kùn dáadáa, kò sí tíṣà nínú ẹ̀! Màmá, ẹ lọ sípàdé SBMC síkúù yẹn, ìyẹn ìgbìmọ̀ òbí, tíṣà àtàwọn ará ìlú tó ń bójú tó síkúù, ẹ jọ fọwọ́ sí lẹ́tà sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó síkúù pírámárì, pé tíṣà lẹ fẹ́.

Ìyá Àánú
Ẹ ṣeun gan-an. Màá jẹ́ kó parí táàmù yìí, a ó sì máa ka Yorùbá nílé lálẹ́. Ẹni tó bá ti kọ irú lẹ́tà yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àpẹẹrẹ sílẹ̀ níbí.