Goldfish ń yọ ẹnu sókè nínú táǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ 8

Àṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀, Lágerè:
Ẹ kúuṣẹ́ o. Táǹkì 80 lítà ni, goldfish 4 wẹ́wẹ́, fílítà onífóòmù, omi kànga. Láti àná ni omi ti funfun bí omi ògì, àwọn ẹja ò kúrò lókè mọ́. Mo yẹ omi wò: ammonia (májèlé tó ń jáde lára ẹja) 2, nitrite (ohun tí bakitéríà ń sọ ammonia dà) 0, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) 6. Mo fọ fóòmù náà mọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, kò yí nǹkan padà. Ṣé kí n da gbogbo omi náà nù ni?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà:
Ẹ má dà á nù tán. Fóòmù tẹ́ ẹ fọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ ni àṣìṣe: ara rẹ̀ ni bakitéríà tó ń jẹ ammonia ń lẹ̀ mọ́, chlorine inú omi ẹ̀rọ sì ń pa á. Bó bá tún dí, inú omi tẹ́ ẹ gbọ́n láti inú táǹkì ni kẹ́ ẹ ti fún un, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Ẹ gbọ́n 40 lítà lónìí, 40 lọ́la, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Bí ammonia bá kọjá 0.5, ẹ pààrọ̀ 30 lítà. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ 2. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló máa gbà kí bakitéríà yẹn tó pọ̀ tó.

Fóòmù Dúdú, Mọ́dákẹ́kẹ́:
Màmá, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ní pH 6, ammonium, ìyẹn irú ammonia mìíràn, ló pọ̀ jù nínú 2 yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní májèlé. Omi funfun yẹn gan-an ló ń mú wọn yọ ẹnu: bakitéríà tó ń jẹ ìdọ̀tí ló pọ̀ lójijì, wọ́n sì ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ ki òkúta afẹ́fẹ́ (èyí tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ atẹ́gùn gbà) bọ omi, kí ojú rẹ̀ máa hó.

Ẹ má fi omi tí pH rẹ̀ wọ 8 rọ́pò o. Díẹ̀ nínú ammonium á padà di ammonia, ó sì lè ṣe ẹja léṣe. Ẹ pọn omi kànga sílẹ̀, kẹ́ ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó wọn pH rẹ̀. Carbon dioxide inú omi kànga máa ń fa pH wálẹ̀. Bó bá ṣì jẹ́ 6, bakitéríà á máa falẹ̀. Nígbà tí ammonia bá wálẹ̀ sí 0.5, ẹ se karawun ìgbín, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ fi àwọ̀n di ìkúnwọ́ kan sí ibi tí omi fílítà ti ń jáde. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Iléṣà:
Òótọ́ ni, mi ò wo pH yẹn. Ẹ wá múra sílẹ̀ de nitrite, ó máa ń gòkè bí ammonia bá ti ń wálẹ̀. Ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ kọfí, ẹ̀jẹ̀ náà ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ 80 gíráàmù ni oògùn rẹ̀, ẹ yọ́ ọ sínú omi, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ 30 lítà, iyọ̀ 30 gíráàmù péré lẹ máa dá padà. Iyọ̀ kì í bá omi fẹ́ lọ.

Àṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀, Lágerè:
Ẹ ṣé gan-an. Iná ńkọ́? Ó máa ń lọ fún wákàtí 10.

Fóòmù Dúdú, Mọ́dákẹ́kẹ́:
Ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Bí kò bá sí, ẹ yọ fóòmù kúrò nínú ilé rẹ̀, kó léfòó lójú omi. Bíná bá dé tí fóòmù náà sì ń rùn, ẹ fún un nínú omi tẹ́ ẹ gbọ́n láti inú táǹkì kẹ́ ẹ tó tan fílítà.