Tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná: ṣé kí n dá owó, àbí kí n fi ra sólà?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kábbà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn mọ́.

Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Kábbà, lápá ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Fíríísà méjì ni mo ní, ọ̀kan fún pánlá àti kótè, èkejì fún ṣáwà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òjò ńlá rọ̀ lóru, tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá epo dúdú tó ń kán sórí koríko lábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, a ò rí iná.

Lọ́jọ́ kẹrin, jẹnẹrétọ̀ mi kọ̀, kò jí. Mo fà á títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo ṣí fíríísà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn jáde lábẹ́ páálí. Mo fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ṣáwà kan, ibi tí mo tẹ̀ wọlé, kò padà sókè. Ẹni tó ń ta ẹja mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èyí tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ gaara, a lè rí nǹkan fi ṣe. Èyí tí ojú ti funfun bí ẹfun, ilẹ̀ ló ń lọ. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ṣa èyí tó ṣì dáa, a fi iyọ̀ pa á, a tò ó sórí àwọ̀n, a sì ń yan án títí oòrùn fi kan àtàrí. Èéfín fọ́ ọmọ náà lójú. Páálí mẹ́ta ni mo tà ní ẹja yíyan, owó tí mo rí lórí rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí mo fi rà á.

Wọ́n ṣe ìpàdé àdúgbò. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ₦15,000 wá, kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan mú ₦35,000 wá, kí a fi ra tiransifọ́mà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná tó wá wò ó sọ ọ́ lẹ́nu pé bí a bá lè rí owó, yóò yá, pé bí a bá ní ká dúró dè wọ́n, kò sí ẹni tó mọ ìgbà. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ fún wa.

Mítà àsansílẹ̀ ni mo ní. Kí tiransifọ́mà tó lọ, wọ́n ní Bándì D ni wá, ìyẹn wákàtí 8 lójúmọ́. Ọjọ́ tó bá dára là ń rí 5. Ìyókù, epo ni. Ní báyìí tí kò sí iná rárá, lítà 6 ni jẹnẹrétọ̀ ń mu lójúmọ́ kí ẹja má bàa yọ́, ₦1,050 ni mo sì ra lítà kan kẹ́yìn. ₦6,300 nìyẹn lójúmọ́. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, ₦250 ni mo ń rà á, ₦1,500 ló sì ń bá epo lọ. Èrè tí mo ń jẹ lórí páálí kótè kan kò tó owó epo ọjọ́ kan mọ́.

Ìbéèrè mi nìyí. Ṣé kí n dá ₦35,000 yìí? Àbí kí n gbàgbé iná wọn, kí n máa tọ́jú owó epo yẹn ra sólà? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dá a, lẹ́yìn ọdún kan a tún máa dá òmíràn.

Wẹ́dà Ìsánlú

Òkun o, màmá. Ẹ kú ìfaradà. Ẹ bá mi kí ọmọ yín tí èéfín fọ́ lójú.

Tiwa jóná lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà, a kọ ọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi jẹnẹrétọ̀ jó irin. Mo ti gba iṣẹ́ géètì ńlá kan ṣáájú, mo ti dá iye owó fún oníṣẹ́, n kò sì lè padà lọ bá a pé epo ti gbówó lórí. Gbèsè ni géètì yẹn jẹ fún mi. Níkẹyìn a dá owó, a ra àlòkù láti Ìlọrin, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iná dé.

Ohun tó dùn mí nìyí: a kò tíì jẹ ìgbádùn rẹ̀ fún oṣù méjì tí wọ́n fi so àdúgbò méjì mìíràn mọ́ ọn, láìbi wá. Tó bá ti di aago méje alẹ́, iná á rọ̀ débi pé ọ̀pá wẹ́dà á kàn máa lẹ̀ mọ́ irin, kò ní yọ́. A lọ ṣàròyé. Wọ́n ní ohun tó bá ti wà lórí òpó, ti ilé-iṣẹ́ ni. Owó wa ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Síbẹ̀ màmá, mi ò ní parọ́ fún yín. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún dá a. Ọmọ mi ò lè jẹ lẹ́tà.

Bàbá Mọ̀pà (mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná)

Ìyá Ẹlẹ́ja, òkun o. Wẹ́dà ọmọ mi, ìwọ náà òkun.

Ayé NEPA ni mo wọṣẹ́, mo wà níbẹ̀ di PHCN, títí wọ́n fi tà á fún àwọn aládàáni ní 2013. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kí tiransifọ́mà yẹn tó bú, ṣé kò ti ń hùn? Bó bá ń hùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún lọ wo àpótí fíúùsì tó wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wáyà bàbà lásán lẹ máa bá níbi tó yẹ kí fíúùsì wà. Fíúùsì ni wọ́n ṣe kó kú kí tiransifọ́mà lè yè. Wáyà bàbà kì í kú. Bí ẹ bá ra tuntun tí ẹ sì gbé e sórí ẹrù kan náà àti wáyà kan náà, ọdún tó ń bọ̀ ẹ tún máa pe ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ owó dídá. Láti ìgbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Nàìjíríà, ti ń ka ẹ̀tọ́ oníbàárà jáde ló ti wà níbẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà tàbí àdúgbò láti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà, tàbí láti tún un ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ló ni ín. Bí àdúgbò bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ìlànà kan wà láti 2015 tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: iye tí ẹ ná, àti bí wọn yóò ṣe dá a padà fún yín. Wẹ́dà, ibi tí ẹ ti ṣìnà nìyẹn. Ẹ kò ní ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ òpó kò jẹ́ nǹkan kan níwájú àjọ.

Ohun kan tún ti yí padà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa kò mọ̀. Òfin iná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀, ní 2024 sì ni NERC bẹ̀rẹ̀ sí í fa àṣẹ náà lé ìpínlẹ̀ Kogí lọ́wọ́. Ẹ̀dùn ọkàn yín kò tún ní gba Àbújá kọjá mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀fíìsì ilé-iṣẹ́ iná ní Kábbà, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ẹ̀dà tiyín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn lẹ máa gbé lọ sí àjọ tó ń ṣàkóso iná ní Lọ́kọ́ja.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un, torí ó ń bí mi nínú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó Bándì A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, láti ₦68 sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ó sọ̀ sí ₦206.80 lóṣù karùn-ún, ó tún gòkè sí ₦209.50 lóṣù keje. Gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe iná, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀. Nígbà tí náírà wó lẹ́yìn oṣù kẹfà 2023, owó iná kò lè dúró síbi tó wà. Ìyẹn yé mi. Bándì B títí dé E ni wọn ò fọwọ́ kàn, ìjọba ní òun yóò máa san ìyókù. Gbogbo ayé wá ń sọ pé àwa tálákà ni wọ́n ṣàánú.

Ẹ gbé ìṣirò Ìyá Ẹlẹ́ja wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, bó ṣe wù kó dáa tó, lítà epo kan kì í mú ju bíi yúnìtì kan àbọ̀ jáde. Ní ₦1,050 fún lítà, ₦700 ni yúnìtì kan ń ná an. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta owó Bándì A ti 2024 lọ, ìyẹn tí gbogbo Nàìjíríà pariwo lé lórí. Òun tó wà ní Bándì D lórí ìwé ló ń ra iná tó wọ́n jù. Ilé-iṣẹ́ iná sì mọ ibi tí èrè wà: yúnìtì tó bá lọ sórí wáyà Bándì A mú owó ńlá wálé, èyí tó bá wá sọ́dọ̀ wa mú díẹ̀. Bí iná bá kéré ní gíríìdì, ìyẹn wáyà ńlá orílẹ̀-èdè, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ já? Fún Bándì A, òfin ní bí wọn ò bá mú wákàtí 20 ṣẹ fún ọjọ́ 7 léra, kí wọ́n sọ wáyà náà kalẹ̀ sí Bándì tó tọ́ sí i. Tiwa tó wà ní D, E nìkan ló kù tó lè sọ̀ kalẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iná ní Geregu wà ní ìpínlẹ̀ yìí, lẹ́bàá Ajàòkúta, ó ń mú iná jáde wọ wáyà ńlá orílẹ̀-èdè, tí ọmọ Ìsánlú sì ń fi epo jó irin. Ó dùn mí gan-an ni.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ Onísólà

Òkun o, ẹ̀yin àgbà. Màmá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, torí náà ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó náwó.

Fíríísà méjì tí wọ́n ń ṣí léraléra yóò jẹ tó yúnìtì 5 lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní wáàtì 400, ínfátà kan tó ń sọ iná sólà di iná ilé, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan: lọ́wọ́ mi, ó súnmọ́ mílíọ̀nù 2. Epo ₦6,300 lójúmọ́ jẹ́ ₦189,000 lóṣù. Láàárín oṣù 11 owó epo ti tó owó sólà. Àmọ́ ẹ má lọ yá owó elélé lóṣooṣù tìtorí ẹ̀, yóò jẹ gbogbo èrè yẹn tán.

Bátìrì ló ń gbówó jù, ọgbọ́n sì wà tí ẹ lè fi dín in kù. Oòrùn wà lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí fíríísà fi í ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn lọ́sàn-án. Ẹ da omi sínú ìgò oníke, ẹ po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má kún un dé ẹnu kó má bàa fọ́, ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ fíríísà. Omi iyọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dì, àmọ́ bó bá dì, ó tutù ju yìnyín lásán lọ. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ti ideri, ẹ má ṣí i mọ́ di àárọ̀. Ẹja yín kò ní yọ́. Oníbàárà mi kan tó ń ta ẹran adìyẹ ní Ẹ̀gbẹ̀ ń ṣe é, bátìrì kékeré ló ń lò. Ẹ lè fi fíríísà kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo ọjà sínú rẹ̀.

N kò ní sọ fún yín kí ẹ kọ iná ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìdá, oòrùn ò lè dá a gbé. Bí Bándì D bá wá wákàtí 5 péré pẹ̀lú sólà, ẹ ò ní ra epo mọ́. Fún abúlé tí wáyà kò tíì dé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni: òfin wà láti 2016, wọ́n tún un ṣe ní 2023, tó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kékeré gbé iná sólà kalẹ̀ fún gbogbo abúlé, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí owó yúnìtì. Ó wọ́n ju ti gíríìdì lọ, kò sì wọ́n tó epo.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Kábbà

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Bàbá, mo lọ wo àpótí náà láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ọmọ tó ń ṣe wáyàrìn ládùúgbò wa. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí: wáyà bàbà ló wà ní féèsì méjì, wọ́n lọ́ ọ mọ́ra bí okùn. A ya fọ́tò rẹ̀. Gbogbo wa ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Mo ti fi ìgò omi iyọ̀ 12 sínú fíríísà ṣáwà láti ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀. Lánàá, jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán nìkan. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ òní, ẹja le koko, mo ní láti fi ọ̀bẹ ya wọ́n. Lítà 4 ni mo lò dípò 6.

Ní ti ₦35,000, mo sọ nípàdé pé n ó san án ní ọjọ́ tí mo bá rí ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ tọwọ́ bọ̀, tó ní wọn yóò dá a padà bí yúnìtì sórí mítà wa, tó sì ní wọn kò ní so àdúgbò mìíràn mọ́ ọn láìbá wa sọ ọ́. Wẹ́dà, tìtorí tiyín ni mo ṣe fi ìyẹn kún un. Àwọn kan bínú, wọ́n ní mò ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ epo mi hàn wọ́n, ojoojúmọ́, láti ọjọ́ tí ó jóná. Aláṣọ rírán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gba ìwé náà, ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, kò sọ̀rọ̀. Òun ló kọ́kọ́ ní òun yóò bá mi tọwọ́ bọ lẹ́tà. A ti pé 19 báyìí.

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù: ṣé orúkọ alága àdúgbò nìkan tó lórí lẹ́tà náà, àbí kí gbogbo wa kọ nọ́ńbà mítà wa síbẹ̀?

Bàbá Mọ̀pà

Kí gbogbo yín kọ nọ́ńbà mítà. Ẹ lẹ fọ́tò wáyà bàbà yẹn mọ́ ọn, àti ojú ìwé epo yín méjì mẹ́ta. Bí ẹ bá ń lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ jí lọ, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀.