Phaedra ti Tangerine Dream: níbo lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ?

Ará Ìgbógbó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti gbọ́ Phaedra, àwo orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, rí, ẹ wá sọ bó ṣe rí lára yín. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Tangerine Dream ló ṣe é, ẹgbẹ́ tí Edgar Froese dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1967. Froese kú ní 2015, àmọ́ ẹgbẹ́ náà ò túká, Thorsten Quaeschning ló ń darí ẹ̀ báyìí. Phaedra jáde ní oṣù kejì ọdún 1974. Froese, Christopher Franke àti Peter Baumann ló wà nídìí ẹ̀. Orin mẹ́rin ni, èyí àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ orúkọ àwo náà, ẹnikẹ́ni ò sì yanu kọrin nínú ẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti gbọ́ tèmi, láti Ìpakodò lọ sí Falomo. Ẹ́ńjìnnì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, orin ń lọ nínú íàpíìsì, nígbà tó yá n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ mọ́. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní kí ni mò ń gbọ́ tí mo fi ń ṣojú báyìí. Mo fi íàpíìsì kan sí i létí. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní: “Bọ̀dá, ìgbà wo ni orin ọ̀hún máa bẹ̀rẹ̀?”

Àyàn Odógunyán:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ sáúǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé Phaedra wá bá mi. Ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó fẹ́ gbọ́ bóyá màá pè é lórin. Mo dákẹ́, mo tẹ́tí. Ìró kan wà nísàlẹ̀ tó ń yí, tó ń yí, ohun kan náà ló ń sọ. Mo ní gúdúgúdú nìyẹn. Ẹni tó mọ dùndún mọ̀ pé ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan. Tó bá ṣìnà, gbogbo wa ti tú nìyẹn.

Ọmọ náà ní ẹ̀rọ ni o, sequencer ni wọ́n ń pè é. Nínú èyí tí Moog, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ orin, ṣe, kókó mẹ́jọ mẹ́jọ ló tò sí ìlà mẹ́ta. Ibi tó o bá yí kókó kọ̀ọ̀kan dé ló ń sọ bí ohùn ẹ̀ á ṣe ròkè tó, ẹ̀rọ á wá máa gbà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, títí wàá fi dá a dúró. Ó tún wá sọ pé onílù ni Franke tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Mo ní kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀!

Ibi tó mú mi gan-an ló kù. Bí orin yẹn ṣe ń lọ, mo gbọ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ ti ń yẹ̀. Kì í ṣe bí ìgbà téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ yí i. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yẹ̀, bí ìlù ṣe máa ń ṣe tí ìrì bá ti ń sẹ̀ lóde àríyá òru. Mo ní: “Awọ wọn ti ń rọ̀.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀rọ wo ló láwọ. Lọ́jọ́ kejì ló padà wá pé òun ti kà nípa ẹ̀. Ẹ̀rọ Moog ìgbà yẹn, tí inú ẹ̀ bá ti ń gbóná, ohùn ẹ̀ á máa kúrò níbi tí wọ́n tún un sí. Ní ìparí ọdún 1973, nígbà tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀ ní The Manor, ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Oxfordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, wákàtí gbọọrọ ni wọ́n fi ń tún ohùn ẹ̀rọ náà ṣe. Síbẹ̀ ó yẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwo. Mo gbà fún wọn. Ìlù tiwa ń wá ooru, a máa ń sá a sóòrùn, a máa ń yá a níná. Tiwọn ń sá fún ooru. Lójú tèmi, kò sí ìyàtọ̀ kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. (Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ o.)

Ọmọ Agric:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ilé géèmù ni èmi ti pàdé wọn. Tangerine Dream wà lára àwọn tó ṣe orin inú Grand Theft Auto V, tó jáde ní 2013. Bí ọlọ́pàá bá ti ń lé wa nínú géèmù, orin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí láyà. Mo wá wọn lọ sórí YouTube, mo tẹ Phaedra. Kí n má purọ́, mo sùn lọ. Kò burú o, n kò tiẹ̀ gbọ́ gẹnẹrétọ̀ ilé kejì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n orin kan ṣoṣo á gba ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 17? Ó ti pọ̀jù.

Àǹtí Aránṣọ, Bàyéìkú:
Ìwọ ọmọ yìí, tí Barrister bá lo odindi ojú kan àwo láìdánudúró, ṣé o máa ń ṣírò ìṣẹ́jú? Ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Orin kejì ni tèmi, Mysterious Semblance at the Strand of Nightmares. Ẹni bá gbọ́ ọ á ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ta fayolíìnì níbẹ̀. Mellotron ni: dùùrù tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní tẹ́ẹ̀pù tirẹ̀ nínú, tí wọ́n ti gba ohùn ohun èlò gidi sí. Bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ni tẹ́ẹ̀pù kan ń lò, tó bá tán, àfi kéèyàn gbé ìka kúrò. Froese ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí àwọn méjì tó kù ti sùn, Monika ìyàwó ẹ̀ ló sì ń yí kókó ẹ̀rọ tó mú kí ohùn náà máa fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀. Mo máa ń fi í sí i ní ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Oníbàárà mi kan bi mí bóyá mo ti yí ìjọ padà.

Àyàn Odógunyán:
Àǹtí, màá tún ìyẹn gbọ́ lálẹ́ yìí. Kí ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé e?

Ọmọ Agric:
Rubycon ni, ti 1975. Orin méjì péré ló wà nínú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì tún lé ní ìṣẹ́jú 17! Màá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ra dátà.