Ibà eégbọn ní North Carolina: kí ni kí a máa ṣọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Mo yọ eégbọn kan lẹ́yìn etí ọmọ mi níhìn-ín. Kí ni kí n máa ṣọ́?

Ìdáhùn 1: Ibà eégbọn tí à ń sọ ni Rocky Mountain spotted fever, tí eégbọn máa ń kó ran ènìyàn. Ẹ máa ṣọ́ ara gbígbóná àti orí fífọ́ líle láàárín ọjọ́ 3 sí 12 lẹ́yìn tí eégbọn jẹ ọmọ náà, nítorí pé àmì pupa wẹ́wẹ́ tó sábà máa ń sú sí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ kì í tètè hàn lára adúláwọ̀.

Ìdáhùn 2: Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de àmì yẹn rárá. Bí ibà bá ti dé, ẹ sọ fún dókítà pé eégbọn jẹ ọmọ náà. Doxycycline ni oògùn rẹ̀, tọmọdé tàgbà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ọjọ́ 5 tó pé tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn 3: Ibà yìí kì í ràn láti ara ènìyàn sí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ajá yín wò bóyá eégbọn wà lára rẹ̀, pàápàá abẹ́ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.