Mo fẹ́ ta ṣíà kí n fi owó rẹ̀ ra treasury bill, búrókà ò gbà

Àṣàkẹ́ Mókọ́lá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Inú ló ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé.

Ṣíà báńkì méjì àti ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ni mò ń bójú tó. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣe é lórí fóònù, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Mò ń ka ìròyìn ọjà, mo sì mọ ìgbà tí iye wọn gbéra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé kí wọ́n tà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, búrókà, àwọn tó ń báni ta ṣíà, á ní ìwé mi ò pé. Wọ́n ní kí n mú BVN wá, mo fún wọn. Wọ́n ní kò bá ti àkáǹtì mu. Wọ́n tún ní kí n gbé NIN wá sí ọ́fíìsì fúnra mi. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ìgbà tó mú olè. Dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè orí ṣíà, ńkọ́? Ilé iṣẹ́ á kéde pé àwọn ti san án, kọ́bọ̀ kan ò ní wọlé. Mo kọ fọ́ọ̀mù e-dividend kí wọ́n lè máa san án tààrà sí báńkì, rẹjísírà, àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ni ṣíà, dá a padà, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé ò jọra.

Ọkọ mi ní kí n gbé owó náà wá ká fi ra ilẹ̀ ní Móníyà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní dọ́là ni. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń pè mí lójoojúmọ́ nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi. Ó ti sú mi.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé treasury bill ọjọ́ 364 ló dáa jù, àbí money market fund, àbí savings bond ìjọba? Báwo ni mo sì ṣe máa fi ẹjọ́ búrókà yìí sun SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà?

Adéwùmí Oníṣirò:
Ẹ kú ìnira, mà. Kí ẹ tó yan treasury bill, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà. CBN, báńkì àgbà ìjọba, ló ń bá DMO, ọ́fíìsì tó ń rí sí gbèsè ìjọba, tà á, ti ọjọ́ 91, 182 àti 364 ló sì wà. Èlé rẹ̀ kì í dúró dìgbà tó bá pé, ṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ lára owó tí ẹ máa san. Ká ní 16% ni wọ́n tà á, tí ẹ sì fẹ́ ti mílíọ̀nù kan fún ọjọ́ 364. Ẹ wá 16% mílíọ̀nù kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 364, ẹ fi 365 pín in: ₦159,562 nìyẹn. ₦840,438 lẹ máa san, mílíọ̀nù kan pérépéré ló máa padà sọ́wọ́ yín. Ẹ wá fi ₦159,562 wé ₦840,438 tó jáde lápò yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19%. Ẹni tó bá fi 16% treasury bill wé 17% fixed deposit, tó wá mú fixed deposit, ó ti gbé èyí tó kéré.

Ibi tó ti lè dùn yín ni tí ẹ bá nílò owó kó tó pé. Báńkì lẹ máa tà á fún, iye tí ọjà bá pè lọ́jọ́ náà ni wọ́n á san. Tí èlé bá ti gòkè lẹ́yìn tí ẹ rà á, iye tirẹ̀ á ti wálẹ̀.

Ìgbà wo lẹ fẹ́ lo owó náà? Ẹ ò sọ.

Ìyá Ìbejì:
Adéwùmí, o ti ń ṣírò kí o tó mọ iṣẹ́ tí owó fẹ́ ṣe. Obìnrin yìí dárúkọ owó ilé ẹ̀kọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe owó tí à ń tì mọ́lé fún odindi ọdún. Money market fund ni kó lọ. Owó ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń kó pọ̀, inú treasury bill, commercial paper (gbèsè ìgbà kúkúrú ti ilé iṣẹ́) àti owó orí èlé ní báńkì ni wọ́n ń kó o sí. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba ₦5,000 tàbí ₦10,000 láti fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ gbà á, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ díẹ̀ ló ń wọlé. Àmọ́ ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa, àwọn kan máa ń gé lára èlé ẹni tó bá yọ owó kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ wò ó pé ó wà nínú àwọn tí SEC forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ trustee, tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó fowó sí i, àti custodian, tó ń pa owó mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń darí owó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun kan náà tó ń pa owó mọ́.

Adéwùmí Oníṣirò:
Ìyá Ìbejì, mo gbọ́, mà, ṣùgbọ́n èlé money market fund ń yí padà ni. CBN gé MPR, èlé tí wọ́n fi ń darí àwọn èlé yòókù, láti 27.50% sí 27% ní September 2025. Nígbà tí wọ́n bá ń gé e báyẹn, ẹni tó ti de èlé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún kan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbejì:
Kó rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá lé ọmọ jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò? Ẹ pín owó náà sí méjì: owó ọdún yìí sí money market fund, ìyókù sí treasury bill. Kò yẹ kí èyí di ìjà.

Káyọ̀dé Ìlóko:
Ẹ ò dárúkọ savings bond, owó tí aráàlú ń yá ìjọba fún ọdún díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó béèrè rẹ̀. Láti 2017 ló ti wà. ₦5,000 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè máa fi ẹgbẹ̀rún kan kan lé e títí dé mílíọ̀nù 50. Ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta ló ń jáde, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń san èlé sínú àkáǹtì yín. Ọwọ́ àwọn búrókà tí DMO yàn lẹ ti lè rà á. Ẹni tó fẹ́ máa fi èlé san nǹkan ní ìdá mẹ́rin mẹ́rin ọdún, ibẹ̀ ló bá a mu jù.

Ní ti SEC, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín léèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ kọ sí búrókà àti èsì tí wọ́n fún yín. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfìfo.

Bàbá Ṣíà:
Ẹ dáwọ́ ọ̀rọ̀ èlé dúró ná. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ohun tí obìnrin yìí kọ tí kò sẹ́ni tó kà á: BVN ò bá àkáǹtì mu, ìbuwọ́lùwé ò jọra, dífídẹ́ǹdì ò wọlé. Tí ọ̀kan bá ṣẹlẹ̀, ó lè jẹ́ àṣìṣe: ẹni tó ti lọ́kọ tó yí orúkọ padà, tàbí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní ìdàkejì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, àkáǹtì náà kì í ṣe ti ẹni tó ń tẹ fóònù.

Àṣàkẹ́, orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì CSCS yẹn, ibi tí wọ́n ń kọ ṣíà oníkálukú sí?

Àṣàkẹ́ Mókọ́lá:
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, àlàyé yín yé mi. Owó ilé ẹ̀kọ́ náà, kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ṣé tí mo bá fi mílíọ̀nù kan sí money market fund, ìyókù sí treasury bill, ó dáa bẹ́ẹ̀? Èló sì ni búrókà máa yọ nígbà tí mo bá tà?

Adéwùmí Oníṣirò:
Owó iṣẹ́ búrókà ò gbọ́dọ̀ ju 1.35% lọ, VAT 7.5% á wà lórí owó iṣẹ́ yẹn, owó ti ọjà àti ti CSCS á tẹ̀ lé e. Ẹ fojú bù ú sí nǹkan bíi 2%. Ṣùgbọ́n ẹ dá Bàbá lóhùn o.

Bàbá Ṣíà:
Mo tún béèrè. Orúkọ ta ni?

Àṣàkẹ́ Mókọ́lá:
Orúkọ bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìgbà tí wọ́n wà láyé, èmi ni mò ń bá wọn ṣe gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà mi àti email mi ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé fún mi pé kí n máa ṣojú wọn. Èmi ni wọ́n kọ sí next of kin. Ọdún 2021 ni wọ́n papòdà. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ṣọ́ ṣíà yìí, mi ò jẹ́ kó ṣègbé. Àwọn tó kù ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Kí ló burú nínú pé ẹni tó ń tọ́jú nǹkan fẹ́ tà á kó fi rán àbúrò rẹ̀ níwèé?

Ìyá Ìbejì:
Háà! Owó ogún ni o ti ń bá wa pín sí treasury bill látàárọ̀?

Káyọ̀dé Ìlóko:
Ó kéré tán, kò ná an. Ẹ má jẹ́ ká dójú tì í.

Ìyá Ìbejì:
Mi ò dójú tì í. Ó ní àwọn tó kù ò mọ̀. Ta ni àwọn tó kù?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú:
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Arábìnrin, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Ẹ má tẹ “tà á” mọ́ lórí fóònù náà. Ìwé aṣojú tí bàbá kọ fún yín ti kú lọ́jọ́ tí bàbá kú. Bí òfin ṣe rí nìyẹn. Next of kin sì kì í ṣe àrólé. Ẹni tí ilé iṣẹ́ máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Tí ẹ bá fi àṣẹ bàbá ta ṣíà lẹ́yìn ikú rẹ̀, búrókà tó bá gbà fún yín náà wà nínú wàhálà. Ìdí tí wọ́n ṣe ń dá yín dúró nìyẹn, kò sí ẹjọ́ kankan tí ẹ máa bá wọn dé ọ̀dọ̀ SEC.

Ohun tó ṣílẹ̀kùn ni letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún òkú, láti Probate, ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, tí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ National Population Commission. Ẹ kọ̀wé sí búrókà pé bàbá ti ṣaláìsí, kí ẹ béèrè iye ṣíà tó wà lórúkọ rẹ̀ ní CSCS. Probate á fún yín ní fọ́ọ̀mù tí báńkì bàbá máa kọ iye owó tó wà nínú àkáǹtì sí. Onídùúró á wà, wọ́n á kéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè jáde. Ẹni mẹ́rin ló pọ̀ jù tó lè jẹ́ alákòóso. Tí ọmọ kan bá wà tí kò tíì dàgbà, wọn ò ní fún ẹni kan ṣoṣo.

Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye ṣíà sínú àtẹ ohun ìní. Rẹjísírà ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ máa dá yín padà, ẹ óò sì tún kọrí sí Probate. Tí orúkọ bàbá lórí ṣíà bá yàtọ̀ sí ti ìwé ẹ̀rí ikú, bó ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ ṣe ìwé ìbúra rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ìyàwó mélòó ni bàbá ní, irú ìgbéyàwó wo sì ni?

Àṣàkẹ́ Mókọ́lá:
Méjì. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá mi bí, ìyàwó kejì bí méjì. Àwọn ẹni yẹn ò wá kí wa láti ìgbà ìsìnkú. Ṣé dandan ni kí wọ́n mọ̀?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú:
Dandan ni. Wọ́n lè takò ó ní Probate, ìwé náà á sì dúró síbẹ̀. Tí bàbá bá gbé ìyàwó ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ, òfin ìjọba ló máa pín in. Tó bá jẹ́ àṣà Yorùbá ni, ìdí igi ni ìlànà: apá kan fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan, yálà wọ́n jẹ́ mẹ́ta tàbí méjì. Tí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ márààrún gba iye kan náà. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ní London, ní 1962 ti fi èyí lélẹ̀. Ẹ ò tíì sọ irú ìgbéyàwó tó jẹ́.

Bàbá Ṣíà:
Dífídẹ́ǹdì tí kò wọlé kò tíì sọnù. Àkáǹtì báńkì bàbá ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, tàbí kó wà lọ́dọ̀ rẹjísírà. Ṣùgbọ́n Finance Act 2020 ní dífídẹ́ǹdì ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà tí kò sẹ́ni tó gbà á fún ọdún mẹ́fà yóò lọ sínú Unclaimed Funds Trust Fund. Àrólé ṣì lè béèrè rẹ̀ níbẹ̀, wàhálà rẹ̀ ló máa pọ̀ sí i. Ti 2021 ò ní pẹ́ dé ààlà yẹn. Ẹ yára.

Ẹ tún béèrè bóyá àwọn báńkì méjèèjì ta rights, ṣíà tuntun tí wọ́n ń kọ́kọ́ fi lọ àwọn tó ti ní ṣíà, láti 2024, nígbà tí CBN ní kí báńkì fi kún owó ìpìlẹ̀ wọn. Lẹ́tà rẹ̀ á ti lọ sí àdírẹ́sì bàbá. Àǹfààní tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá ò ṣeé gbà padà. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ṣíà òkú máa wà ní ìpamọ́.

Tí letter bá jáde, ẹ gbé ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ jẹ́rìí sí lọ bá rẹjísírà. Wọ́n á yí ṣíà náà sí orúkọ ogún bàbá. Ẹ ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ ogún náà, inú rẹ̀ ni owó máa wọ̀ tí ẹ bá tà á. Kó má wọ àkáǹtì Àṣàkẹ́, kó má wọ ti ọkọ rẹ̀.

Àṣàkẹ́ Mókọ́lá:
Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ojú mi rí. Ẹnu iṣẹ́ ni bàbá wà nígbà tí wọ́n kú, ìyàwó kejì kó gbogbo ẹrù ilé. Ṣíà yìí nìkan ló kù fún wa.

Adéwùmí Oníṣirò:
Ẹ dúró. Ẹnu iṣẹ́ lẹ wí? Tí ilé iṣẹ́ náà bá wà nínú ètò pẹ́ńsàn, òfin 2014 ní kí wọ́n ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, iye tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó ọdọọdún rẹ̀. Owó RSA rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńsàn rẹ̀, tún wà lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ PFA, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńsàn. Ẹnikẹ́ni ti gbà á?

Àṣàkẹ́ Mókọ́lá:
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Mo mọ PIN pẹ́ńsàn wọn.

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú:
Letter kan náà ni PFA máa béèrè, nítorí náà ẹ kọ RSA sínú àtẹ yẹn kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ní ti ìbánigbófò, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàbá lọ́la, ẹ fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú sí i, ẹ béèrè orúkọ ilé ìbánigbófò ti 2021 àti orúkọ ẹni tí bàbá kọ sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.

Ìyá Ìbejì:
Owó ilé ẹ̀kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ò lè ti ibí wá o, Àṣàkẹ́. Ẹ lọ bá bursar, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbà á ní ìdá méjì. Kí ẹ sì pe ìyàwó kejì kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìwé ìròyìn.