Orúkọ 43 tó pòórá: ẹ wá sọ ìrírí tiyín pẹ̀lú wẹ́ẹ̀bù

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ní 2003 mo fi PHP, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù, kọ fọ́ọ̀mù kan fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn, Àǹtí la máa ń pè wọ́n. Wọ́n jókòó sí kafé, ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ orúkọ 43 àti owó tí kálukú dá, wọ́n wá tẹ Submit, bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ìgbà tá a padà sẹ́yìn, fọ́ọ̀mù ti ṣófo. Àǹtí ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn mú bíírò wọn, wọ́n ṣí ìwé. Ó dùn mí wọra. Bí wẹ́ẹ̀bù ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn, ìwé ni wọ́n dìídì ṣe é láti máa há fúnra wọn ní CERN, ilé ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yúróòpù, tó o bá fẹ́ nǹkan kékeré báyìí, odindi péèjì ló máa lọ kí òmíì tó dé.

Gmail jáde ní April 2004, ẹnì kan fi ìpè ránṣẹ́ sí mi, mo tẹ lẹ́tà kan, ó ṣí, péèjì ò mira! Mo wádìí, wọ́n ní XMLHttpRequest ni, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí péèjì béèrè nǹkan lábẹ́lẹ̀ láìtún ara rẹ̀ ṣí, tó ti wà nínú bráwúsà Internet Explorer 5 láti 1999 témi ò kọbi ara sí. Kíá mo tún fọ́ọ̀mù Àǹtí kọ, orúkọ tí wọ́n bá ti tẹ̀ tán ti ń lọ sí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa, jẹ́ẹ́jẹ́, iná ì báà lọ, orúkọ kan ṣoṣo ló lè ṣòfò.

Ṣùgbọ́n service worker ló jọ mí lójú jù, torí tiwa gan-an ló bá mu. Ètò kékeré kan ni, ó ń dúró láàrin péèjì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ti tọ́jú péèjì sínú fóònù, IndexedDB, àpótí ìkódàátàsí inú bráwúsà, tọ́jú àkọsílẹ̀. Báyìí Àǹtí á jókòó sí Bódìjà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, wọ́n á kọ owó ọjà, tí wọ́n bá délé tí wọ́n ṣí i, gbogbo ẹ̀ á wọlé.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn alájọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń lo iPhone, ẹ ní kí wọ́n gbé e sójú fóònù bí áàpù, torí láti 2020, tí wọ́n bá fi ọjọ́ 7 lo Safari, bráwúsà iPhone, láìyà sí péèjì yín, Safari lè pa gbogbo ohun tẹ́ ẹ tọ́jú rẹ́.