Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fáírọ́ọ̀sì RSV lára àwọn ọmọ tó ń wúkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ni mí n'Ìbàdàn. Ikun imú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni mo ti rí RSV, fáírọ́ọ̀sì tó ń kọlu ọ̀nà èémí. Àwọn ìyá wọn fi sùúrù dúró tì mí; n kò fẹ́ kó ṣòfò.

Ìpẹ̀kun jíìnì G, ọ̀kan lára àwọn jíìnì fáírọ́ọ̀sì náà, nìkan ni mo ka lẹ́tà àbùdá rẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń yí padà jù. Mo fi wọ́n wé ON1, ẹ̀yà RSV tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ontario ní Kánádà lọ́dún 2010, tí lẹ́tà àbùdá 72 ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Àtúnwí náà hàn kedere nínú tèmi! Àmọ́ igi ìdílé àwọn fáírọ́ọ̀sì náà tí mo fi MEGA, ètò kọ̀ǹpútà kan, yà kò dúró dáadáa: bootstrap (òǹkà tó ń fi hàn, nínú 100, bí ẹ̀ka ṣe dájú tó) ẹ̀ka mélòó kan kò tó 50. Mo ti pààrọ̀ ọ̀nà ìṣirò, mo ti kó àfiwé sí i láti GenBank, ibi ìkópamọ́ àbùdá tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, pàbó ni.

Owó tó kù kò pọ̀. Ṣé kí n ka odindi jíìnì G fún ọmọ díẹ̀, àbí kí n dúró lórí ìpẹ̀kun yìí fún gbogbo wọn?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.